Ẹ́jẹ́ńsì tó bá mi wáṣẹ́ ọ́fíìsì nígbà tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni nílùú: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ wọn

Intafíù àkọ́kọ́ tí mo lọ nílùú tuntun yìí, gbogbo ìbéèrè ni mo dáhùn, mo mọ Excel, mo mọ bí wọ́n ṣe ń to fáìlì, ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbi tí mo ti ń bọ̀, ìgbà tó wá kù díẹ̀ ká parí ni ọ̀gá tó jókòó níwájú mi gbé fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní kí n kọ orúkọ èèyàn méjì tó mọ iṣẹ́ mi nílùú yìí, tí àwọn lè pè lórí fóònù. Mi ò ní ẹnìkankan. Onílé tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, òun náà ò sì tíì mọ̀ mí pé oṣù kan. Bí mo ṣe fi ààyè méjèèjì sílẹ̀ lófìfo nìyẹn, wọn ò pè mí mọ́ títí dòní.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ́jẹ́ńsì tó wá bá mi wáṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nírú ipò yẹn báyìí tí wọ́n rò pé àwọn ò kàwé tó tàbí pé ọwọ́ àwọn ò yá tó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ni wọn ò mọ̀, onídùúró ni wọn ò ní.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, irú wọn wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Ẹ́jẹ́ńsì tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì fúngbà díẹ̀ ni, ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, bí ẹnìkan bá lọ ìsinmi tàbí tó lọ bímọ tàbí tí iṣẹ́ bá ṣàdédé pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Òwò yìí ti pẹ́ láyé o, Kelly Services bẹ̀rẹ̀ ní Detroit lọ́dún 1946, iṣẹ́ akọ̀wé àti táìpù ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, Manpower náà tẹ̀ lé e ní Milwaukee ní 1948. Kí n tó kó débí mi ò kà wọ́n sí nǹkan kan, mo rò pé àwọn tí ò ríṣẹ́ gidi ló ń lọ síbẹ̀. Mo ṣìnà gan-an.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mò ń fi CV ránṣẹ́. Mo kà á, ibi 63 ni mo fi ránṣẹ́ sí, ibi mẹ́rin péré ló fèsì, mẹ́ta nínú ẹ̀ sì jẹ́ ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó mi ní ẹ́jẹ́ńsì (àbúrò mi dáadáa ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ ẹ̀) ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi. Ó wo CV mi fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní ta ló bá mi ṣe é, mo ní èmi ni. Ó ní ó rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló ní sọ́fítíwíà tó ń kọ́kọ́ ka CV kí ojú èèyàn tó kàn án, á máa fa orúkọ, ọdún, ipò téèyàn dì mú yọ, á máa tò wọ́n sáàyè wọn, tèmi wá pín ojú ewé sí méjì bíi ti ìwé ìròyìn, ó ní àwòrán, nọ́ńbà fóònù mi sì wà lókè pátápátá ní apá tí sọ́fítíwíà míì kì í kà rárá. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti fẹ́ pè mí kí wọ́n má rí nọ́ńbà. Ó ní kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ látòkè délẹ̀, kí n yọ àwòrán, kí n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ pe iṣẹ́ tí mo ti ṣe, tí wọ́n bá pè é ní "data entry" (títẹ ìsọfúnni sínú kọ̀ǹpútà) kí èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun ni mo ṣe lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ń dá a ṣe, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, àwọn àgbà ò parọ́.

Ọjọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a lò tó wákàtí méjì àtààbọ̀. Wọ́n wo ìwé ìdánimọ̀, wọ́n wo ìwé tó fi hàn pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, wọ́n fún mi ní ìdánwò Excel (títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, VLOOKUP tó ń bá èèyàn wá nǹkan nínú tábìlì, pivot table tó ń ṣàkópọ̀ nọ́ńbà, kò le) àti ìdánwò táìpù. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí táìpù yẹn torí mo mọ bó ṣe dẹ́rù bà mí. Tí wọ́n bá ní àwọn ń wá ọ̀rọ̀ 40 ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ni wọ́n ń kà, ohun márùn-ún téèyàn bá tẹ̀ ni wọ́n kà sí ọ̀rọ̀ kan, àlàfo àti kọ́mà wà nínú ẹ̀, 40 wá túmọ̀ sí kéèyàn tẹ kíbọ́ọ̀dù nígbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà wọ́n á tún yọ àṣìṣe kúrò. Ẹni tó ń sáré tó ń ṣàṣìṣe kò jèrè kankan. Mo gba 38. Ọmọbìnrin yẹn ní kí n lọ, kí n máa fi ogún ìṣẹ́jú dánra wò lójoojúmọ́ fọ́sẹ̀ kan, kí n má wo ọwọ́ mi, kí n padà wá. Mo padà lọ, mo gba 51. Òfin kankan ò ní kó fún mi láàyè ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, mi ò sì ní gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Wọn ò gba owó kankan lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn tó jẹ́ nọ́ńbà 181 lọ́dún 1997 pé irú ẹ́jẹ́ńsì báyìí ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ì báà jẹ́ ní tààrà, ì báà jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ míì pè é. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, wọ́n sì fàyè sílẹ̀ fáwọn ìjọba láti yọ irú iṣẹ́ kan sọ́tọ̀, torí náà ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lo òṣìṣẹ́ ni ẹ́jẹ́ńsì ti ń rí tiwọn, iye tí ilé iṣẹ́ yẹn ń san lórí wákàtí mi ju iye tó ń dọ́wọ́ mi lọ, èyí tó lé lórí ẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó orí àti ìdójútófò tó kàn wọ́n, èyí tó bá ṣẹ́kù jẹ́ èrè wọn. Kí n tó rí wọn, ẹ́jẹ́ńsì kan ti ní kí n sanwó "tírénìn" kí wọ́n tó lè gbé orúkọ mi síwájú ẹnikẹ́ni, mo sì ti fẹ́ẹ́ san án torí ìdààmú, bí mo ṣe béèrè rìsíìtì ni wọ́n yí ohùn padà, mo bá dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín kó tó fún yín níṣẹ́, ẹ dìde. Ẹni tó bá fi íméèlì lásán gbà yín síṣẹ́ láìrí yín láìgbóhùn yín, tó wá ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má dá a lóhùn rárá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, níwájú ọ́fíìsì, kí n máa gbé fóònù, kí n máa gbàlejò. Ago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni wọ́n pè mí pé ẹni tó ń ṣe é ń ṣàìsàn, ṣé mo lè dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Mo ti wọṣọ sílẹ̀ ni mo bá lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn mo ya àwòrán bí ọ́fíìsì ṣe rí sínú ìwé kékeré kan, ta ló jókòó síbo, nọ́ńbà orí tábìlì kálukú, ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n so ìpè kàn òun láìkọ́kọ́ béèrè, ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ mo tẹ̀ ẹ́ jáde mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ipò yẹn. Ọ̀gá ibẹ̀ pe ẹ́jẹ́ńsì láti dúpẹ́. Nǹkan tí mo ń wá látìbẹ̀rẹ̀ ló dé yẹn: ẹnìkan nílùú yìí ti mọ iṣẹ́ mi, orúkọ mi sì ti wà lẹ́nu ẹ̀ sí rere.

Iṣẹ́ kejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kí a máa kó pépà àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó sú èèyàn, eruku pọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni obìnrin kan tí tábìlì wa kọjú síra ti sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ míì tí àwọn ń bá ṣòwò máa tó wá ẹni tó máa di àyè mú fún akọ̀wé wọn tó fẹ́ lọ bímọ. Mo pe ẹ́jẹ́ńsì lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ kí ìpolówó tó jáde. Mark Granovetter, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1973 pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni téèyàn kàn mọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ wà fún un, ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ, torí ohun tí ọ̀rẹ́ èèyàn mọ̀, èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wà nílé tó ń fi CV ránṣẹ́ kò lè pàdé irú obìnrin yẹn láéláé. Iṣẹ́ tó sú èèyàn yẹn ló mú mi pàdé ẹ̀.

Ó wá kan ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ kejì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò gbúròó wọn, kò síṣẹ́ kò sówó, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe sùúrù. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń rántí, torí ìgbà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ ń pè pé ẹnìkan ò wá. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún èèyàn lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀kejì, ìwé wákàtí. Ọ̀gá ibi tí wọ́n rán èèyàn lọ gbọ́dọ̀ sáìnì ín kí ọjọ́ Fúráìdé tó ṣú, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, kò sẹ́ni tó sáìnì, owó mi di ọ̀sẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀ owó ilé ti tó san. Látìgbà yẹn, Tọ́sìdé ni mo ti ń gbé e síwájú wọn.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Níbi iṣẹ́ kẹta, ti akọ̀wé tó lọ bímọ yẹn, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni máníjà sọ fún mi pé obìnrin náà ò ní padà mọ́, àwọn fẹ́ kí n dúró. Inú mi dùn dé ibi pé mo pe ìyá mi lóru. Ló bá di pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo lọ béèrè, máníjà wá fi hàn mí nínú ìwé àdéhùn wọn pẹ̀lú ẹ́jẹ́ńsì pé tí àwọn bá gbà mí síṣẹ́ pátápátá kí n tó ṣe wákàtí 520, àwọn máa san owó ńlá kan fún ẹ́jẹ́ńsì, èyí jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 téèyàn bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ó wà nínú ìwé tèmi náà, lójú ewé kẹrin, mo sì ti sáìnì í. Mi ò bínú pé àdéhùn náà wà, òwò ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọmọbìnrin tó fi sùúrù tún CV mi ṣe kò lanu sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo sì pè é, ó ní òun rò pé mo ti kà á. Máníjà gbà láti dúró, ó kù ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mò ń bẹ̀rù pé wọ́n lè rí ẹlòmíì lójijì. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kìíní, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí i nínú ìwé.

Tí ẹ bá ní owó oṣù tó dúró gbọn-in ni ẹ nílò lónìí lónìí, tí ẹ ní ọmọ tí ẹ ń bọ́, tí kò sì sí owó kankan nípamọ́, mi ò ní sọ pé ẹ gbára lé wọn nìkan, torí àlàfo wà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíì, ọjọ́ tí ẹ ò bá sì ṣiṣẹ́, níbi púpọ̀, kò sówó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìlú ò mọ̀ ọ́n ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kó lọ, kó má tijú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ojú ewé kẹrin yẹn ló gba ẹyọ kan tó kù.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé iṣẹ́ gidi, wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ní ààyè méjì fún àwọn tó mọ iṣẹ́ mi nílùú. Mo kọ ọ̀gá ibi tí mo ti gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, mo kọ ọmọbìnrin ẹ́jẹ́ńsì yẹn sí èkejì, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà.