Àgádágodo tó gba inú wíìlì wọ ṣáásì: ohun tí mo rí lára AL-KO Secure lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Nígbà tí mo fi àwòrán káráfáànù wa ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti lé wa kúrò nílé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ilé kékeré onítáyà méjì ni, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí etíkun nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, pé ibùsùn, ẹ̀rọ ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti pé owó òtẹ́ẹ̀lì fún ènìyàn márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ooru tó ohun tí í mú kí ènìyàn gbé ilé dání. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè èyí tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Bí ìwọ bá lè so ó mọ́ ọkọ̀ kí o sì fà á lọ, kí ni yóò dí olè lọ́wọ́ tí kò fi ní so ó mọ́ tirẹ̀?" Ìbéèrè náà ni àgádágodo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà fún.

Gillingham ní Kent ni a ń gbé. Káráfáànù tí ilé-iṣẹ́ Bailey ṣe ní ọdún 2014 ni tiwa, a sì rà á ní ìgbà ìrúwé 2022, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yí òfin padà ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, tí àwa tí a gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lẹ́yìn ọdún 1996 fi lè máa fa ẹrù tó wúwo tó 3,500 kg láìṣe ìdánwò mìíràn. Ilé-iṣẹ́ AL-KO ti ilẹ̀ Jámánì ló ṣe ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ṣáásì wọn ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ káráfáànù tí a ń rí ní òpópónà níbí. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ àgádágodo yìí dá lé e lórí.

Nígbà tí mo lọ ra ìwé ìdójútòfò ni mo tó mọ̀ pé àgádágodo kan ṣoṣo kò tó. Ohun tí a kọ sínú ìwé tèmi ni pé ní gbogbo ìgbà tí káráfáànù bá dá wà tí kò sí lẹ́yìn ọkọ̀, àgádágodo kan gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ìsopọ̀ iwájú, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà lára táyà. Bí olè bá gbé e lọ nígbà tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò sí níbẹ̀, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ ka ìwé tiyín dáadáa kí ẹ tó ra ohunkóhun. Èmi sáré ra ní tèmi, mo sì fi owó kọ́ ọgbọ́n.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ kíláḿpù kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì yẹ ní dídá: irin alápá méjì tó ń di táyà mú láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Láti òkèèrè, ó dà bí ohun tó lágbára. Ní òru ọjọ́ kan tí oorun kò kùn mí ni mo jáde lọ dán an wò bí ẹni pé èmi gan-an ni olè náà. Mo tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, mo mì í síwá, mo mì í sẹ́yìn, kíláḿpù náà sì yọ kúrò ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí n kò ní sọ, kí n má baà kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́. Àléébù kejì rẹ̀ ni pé kò bo àwọn bóòtù wíìlì. Ẹni tó bá ní jáàkì àti táyà ìpààrọ̀ lè yọ wíìlì náà tòun ti kíláḿpù lára rẹ̀, kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò, kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà. Nígbà òtútù, ó tún họ wíìlì mi yánnayànna.

AL-KO Secure gba ọ̀nà mìíràn. Dípò kí ó di táyà mú, inú àlàfo tó wà láàárín àwọn apá wíìlì ló gbà kọjá, bóòtù gígùn rẹ̀ á sì wọ inú ihò irin kan tó wà lẹ́yìn wíìlì, tí a ti dè mọ́ ṣáásì fúnra rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ti so wíìlì àti ìsàlẹ̀ káráfáànù pọ̀ di ọ̀kan: wíìlì kò lè yí, a kò sì lè yọ ọ́, nítorí pé ara àgádágodo náà ti dí ojú bóòtù wíìlì. Bí olè bá tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, kò já mọ́ nǹkan kan. Ó gba òǹtẹ̀ Diamond lọ́wọ́ Sold Secure, àwọn tó ń fi irinṣẹ́ kọlu àgádágodo láti mọ bí ó ṣe lè pẹ́ tó kí ó tó já, òǹtẹ̀ yìí sì ni àwọn adójútòfò tèmi béèrè. Owó rẹ̀ lé ní £200 díẹ̀ nígbà tí mo rà á ní ìparí ọdún 2022. Ìyàwó mi béèrè bóyá wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Yíyàn rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, èmi náà sì ṣìnà. Kì í ṣe ohun tí a ń rà bí a ṣe ń ra àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Wíìlì káráfáànù kò rí bákan náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, tí irin kan tó ń jókòó sínú àlàfo wíìlì sì máa ń yàtọ̀ láti nọ́mbà dé nọ́mbà. Orúkọ káráfáànù àti ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan ni mo fi ra tèmi. Nígbà tó dé, irin náà kò jókòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bú ẹni tó tà á fún mi, kí n tó wá mọ̀ pé ẹni tó ni káráfáànù náà ṣáájú wa ti pààrọ̀ àwọn wíìlì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Mo dá a padà, mo ya àwòrán wíìlì mi, mo wọ̀n ọ́n, mo ka iye apá rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó fún mi ní nọ́mbà tó yẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn wíìlì pẹ̀lú, kí ẹ rí i dájú pé ihò irin tí mo wí yẹn wà níbẹ̀. Ó wà lára tèmi tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó bá a mu, ìṣòro tó kù ni kí àlàfo wíìlì àti ihò ẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ ara wọn gẹ́lẹ́. Ihò kì í yí, wíìlì ló ń yí. Tí ẹ bá sì gbé káráfáànù dúró níbi tí ó bá wù yín, ó ṣeé ṣe kí apá wíìlì kan wà lójú ihò náà gan-an. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gbà wá ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nínú òjò. Èmi wà lábẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ń tì í, ìyàwó mi di bíréèkì ọwọ́ mú, a sì ń kígbe "díẹ̀ sí i!" àti "ó ti pọ̀ jù!" títí aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí ó bọ́ sójú rẹ̀ tán, a fa bíréèkì, ó sì tún yí sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bíréèkì káráfáànù wọ̀nyí ní ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ kí a lè fi ọkọ̀ tì í sẹ́yìn láìjẹ́ pé bíréèkì mú un. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá dà sẹ́yìn, wíìlì lè yí díẹ̀ kí bíréèkì ọwọ́ tó di í pa. Mo rántí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n máa ń bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì igi lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Láti ọjọ́ náà, wẹ́ẹ̀jì ni a ń kọ́kọ́ fi há táyà ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bíréèkì.

Ọgbọ́n tó yọ mí ni àmì. Ní ọjọ́ tí àlàfo àti ihò dojú kọ ara wọn dáadáa, mo fi ọ̀dà funfun tọ́ ara táyà níbi tó ga jù lọ, mo sì lẹ tẹ́ẹ̀pù kékeré mọ́ ara káráfáànù lókè rẹ̀ gan-an. Bí àmì méjèèjì bá ti pàdé, mo mọ̀ pé ihò wà níwájú mi, n kò nílò láti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pààrọ̀ táyà ní ọdún 2024 nítorí ọjọ́ orí wọn, ọ̀dà mi bá táyà àtijọ́ lọ, mo sì dúró síbẹ̀ tí mo ń wá àmì tí kò sí. Ara wíìlì ni mo fi àmì sí báyìí.

Ní ọgbà ìpàgọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé a ní láti gun ike gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí káráfáànù tó dúró déédéé, ibi tó sì ti dúró déédéé kì í sábà jẹ́ ibi tí ihò ti hàn. Ohun tó bá mi lára mu ni àpò rọ́bà tí a ń fi póńpù kún: a ó kọ́kọ́ mú wíìlì bọ́ sójú àmì lórí àpò tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, a ó wá fún un ní afẹ́fẹ́ títí ilé yóò fi tẹ́jú, lẹ́yìn náà ni mo ń ti àgádágodo. Bí ẹ bá fẹ́ lo jáàkì láti gbé wíìlì sókè kí ẹ sì fọwọ́ yí i, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àwọn ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó wà ní igun rẹ̀ gbé e. Ìdúróṣinṣin ni wọ́n wà fún, wọn kò lè gbé ẹrù.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kò fẹ́ àìbìkítà. Ìdérí kékeré kan wà tó ń dí ihò náà nígbà tí a bá ń rìn. Mo gbàgbé rẹ̀ sórí kóríko ní ọjọ́ kan, a sì rin ìrìn àjò nínú òjò. Nígbà tí a délé, ẹrẹ̀ ti kún inú ihò, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi nù ún kí bóòtù tó lè wọlé.

Ta ni n kò ní sọ fún pé kó rà á? Ẹni tó ń ṣí kiri lójoojúmọ́, tó ń sun ibi kan lónìí tó ń sun ibòmíràn lọ́la, lè rí i pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Milenco àti Bulldog ń ṣe kíláḿpù tó bo bóòtù wíìlì tó sì ń gbá táyà mú, tí kò béèrè pé kí ohunkóhun dojú kọ ohunkóhun. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní irú rẹ̀ fún ọjọ́ ìrìn, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó yá láti fi sí i. Káráfáànù tirẹ̀ jẹ́ onítáyà mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá fẹ́ AL-KO Secure, méjì ni yóò rà, lẹ́yìn tí ó bá sì ti ti àgádágodo àkọ́kọ́ pa, jáàkì ni yóò fi gbé wíìlì kejì kí ó tó lè yí i bọ́ sójú ihò, nítorí pé káráfáànù kò lè rìn mọ́.

N kò sọ pé kò sí ohun tó lè gé e. Ẹ̀rọ ìgérin wà lọ́wọ́ olè, gbogbo àgádágodo ni yóò sì já bí a bá fún ẹ̀rọ náà ní àkókò àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ariwo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yí káráfáànù tí wíìlì tí a tì fi kọjú sí fèrèsé yàrá wa, tí mo sì ń fi àgádágodo kejì sí ẹnu ìsopọ̀ iwájú.

Ewu kan ṣoṣo tí ó tún dá mi níjì ni tèmi fúnra mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú àgádágodo náà lára wíìlì. Ọmọ mi àgbà ló pariwo. Láti ìgbà náà, mo ti so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ pupa kan, ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ ni mo sì ń so aṣọ náà mọ́ títí di ìgbà tí mo bá tú u. Nígbà tí a padà láti Norfolk ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wo aago: láti ìgbà tí táyà ti dúró títí mo fi fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.