Áyọ́ọ̀nù kan ni mo rà, méjì ni wọ́n gbé wá: kí n dákẹ́ ni àbí kí n pè wọ́n?

Ní Sùúrùlérè, aládùúgbò mi ní kí n dákẹ́, pé Ọlọ́run ló bùkún mi. Lóòótọ́, dídákẹ́ rọrùn. Àmọ́ òfin ọjà títà tí Èkó jogún lára ti Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1893 ní bí ọjà bá lé, tó o sì gba gbogbo rẹ̀, wàá sanwó èyí tó lé.

Pípè wọ́n ń jẹ káàdì, ó ń gba sùúrù. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí o fi owó ọkọ̀ rẹ dá a padà. Kí o ṣáà sọ fún wọn pé o ò gbà á ti tó.

Mi ò tú sẹ́lótéèpù ara páálì kejì. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo pè wọ́n. Ọmọ tó di ẹrù náà ni mò ń rò: bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ ńkọ́?