Ọ̀nà Peters àti ọ̀nà Rane: èwo lẹ máa fi dán oògùn ibà wò lára eku?

Èèpo awọ́pa tàbí ewé dóńgóyárò tí wọ́n ń tà l'Ábẹ́òkúta, ṣé ó ń pa kòkòrò ibà lóòótọ́? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti fi mọ̀, ti Peters àti ti Rane, tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ pè. Eku funfun àti Plasmodium berghei, kòkòrò ibà eku tí kì í mú èèyàn, ni wọ́n ń lò fún méjèèjì.

Ti Peters ló yá jù. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ eku tó ti ní kòkòrò, ẹ fi omi iyọ̀ là á títí mílílítà 0.2 yóò fi ní sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 10 tí kòkòrò ti wọ̀, kí ẹ gún un sínú ikùn eku mìíràn. Láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ láti ìrù, ẹ fà á sórí gíláàsì, ẹ fi Giemsa, aró tó ń mú kòkòrò hàn, pa á láró, kí ẹ wá ka kòkòrò inú rẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: ẹ̀jẹ̀ tó ki jù kò ṣeé kà, Giemsa tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan sí) kúrò ní 7.2 kò sì ní mú kòkòrò hàn dáadáa.

Ti Rane ń dúró wákàtí 72 lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún kòkòrò sínú eku kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Ó jọ aláìsàn gidi, torí ta ló ń mu àgbo kí ara tó gbóná? Ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò: ẹ ó máa ka ọjọ́ ayé eku títí di ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ fi Peters ṣa èyí tó dáa, kí ẹ wá gbé ìyẹn nìkan lọ sí Rane. Nínú méjèèjì, ọ̀wọ́ eku kan gbọ́dọ̀ gba omi lásán, òmíràn chloroquine, oògùn ibà tí a ti mọ̀, mílígíráàmù 10 fún kílò kan ìwọ̀n ara eku, kí ẹ lè fi wọ́n wé ti àgbo. Bí ọtí tí ẹ fi rẹ èèpo kò bá gbẹ tán, ọtí ló lè pa eku, kì í ṣe ibà.