Ìkànnì YorubaName fún àlejò tó fẹ́ sọmọ lórúkọ Yorùbá

Tọkọtaya kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Houston, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, ti mú Yétúndé fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń retí kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. Inú àkójọ orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ni wọ́n ti rí i, ìtumọ̀ tí wọ́n sì bá níbẹ̀ kò ju pé ìyá padà dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ọmọ yìí sì wà láàyè. Ó jókòó tì wá lọ́jọ́ náà, ó ń fi òwú hun fìlà ọmọ.

Mo ní kí a ṣí YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní 2015, tí èèyàn kì í sanwó kó tó lò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ó ń tú orúkọ palẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí àlejò lè rí i pé odidi ọ̀rọ̀ ni orúkọ wa ń sọ. Ó tún ń fi àmì ohùn sí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò rí àmì kò lè mọ ọlá yàtọ̀ sí ọlà tàbí ọ̀la. Bọ́tìnnì kan wà tí a ń tẹ̀ láti gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ; ìyá àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, ètè rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn náà.

Àmọ́ ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kò sì sí ìwé tó lè bá àlejò wo ilé rẹ̀. Táíwò, Ìgè àti Àìná, orúkọ àmútọ̀runwá ni. Àbíkú ló ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ àti Málọmọ́. Ìdílé onílù ló ni Àyàn. Ẹni tó bá fi adùn etí nìkan yan èyíkéyìí nínú wọn lè ṣì í mú. N kò sọ pé kí àlejò má gba orúkọ wa o. Inú mi máa ń dùn sí i, pàápàá láti ọwọ́ àwọn tí oko ẹrú gba orúkọ baba ńlá wọn lọ, irú àwọn tó tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ ṣe wá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo bi tọkọtaya náà. Ọdún 11 ni wọ́n fi wá ọmọ. Mo ní kí a wo oríkì àbísọ nígbà náà, nítorí òun kò so mọ́ ìdílé kan, a sì wá Àbẹ̀kẹ́ jáde: ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, ọkọ rọra gbé fóònù kalẹ̀, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá àgbà ló kọ́kọ́ pe ọmọ náà, ohùn sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé.