Fífi ẹṣin sọ́dọ̀ olùtọ́jú ní agbègbè Houston: ohun tí owó oṣù ń rà, àti ibi tí ìjà ti ń wá

Irú iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn ilé ẹṣin tó yí Houston ká ń tà. Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú kíkún: wọ́n á bọ́ ẹṣin, wọ́n á kó ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tú u sí pápá. Nínú èkejì, pápá àti omi nìkan ni wọ́n fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyókù láràárọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, níbi tí olùkọ́ á ti máa gun ẹṣin yín, tí á sì máa kó yín lọ síbi ìdíje. Fún ẹbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ti àkọ́kọ́ la fara mọ́, kí ẹ máa san owó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀ ní iye ìgbà tí ọmọ bá kọ́. Ẹni tó ti mọ ẹṣin dáadáa ni kó gba ẹ̀kẹta, torí ibẹ̀ lowó ti ń lọ láìsí rìsíìtì.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun ilé tàn yín. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹṣin tó wọn pọ́n-ùn 1,000 ń fẹ́ koríko bíi pọ́n-ùn 15 sí 20 lójúmọ́. Ohun tí ìwé àdéhùn púpọ̀ sì máa ń kọ ni "abala méjì láàárọ̀, abala méjì lálẹ́". Abala, ìyẹn ìpele kan tí wọ́n ń ṣí lára ìdì koríko, kì í ṣe ìwọ̀n. Bí ẹ̀rọ bá ṣe di koríko náà ni abala kan ṣe lè wọn pọ́n-ùn 3, kí òmíràn wọn 5. Abala mẹ́rin tó wọn mẹ́ta-mẹ́ta, pọ́n-ùn 12 péré nìyẹn: ebi ń pa ẹṣin, onílé sì ní òun ò yẹ àdéhùn. Ìwọ̀n kékeré tí ẹ fi ń wọn báàgì kí ẹ tó lọ sí Nàìjíríà ti tó. Ẹ fi koríko sínú àpò, ẹ gbé e kọ́. Kí wọ́n kọ pọ́n-ùn sínú ìwé.

Irú koríko gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Coastal bermuda ló wọ́pọ̀ ní Texas. Kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó ti gbó jù kí wọ́n tó gé e, lè dì sí ìparí ìfun kékeré, inú rírun tó lè pa ẹṣin nìyẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi alfalfa (ewéko mìíràn tí wọ́n ń sá gbẹ fún ẹṣin) díẹ̀ lú u, àti bóyá omi kì í tán nínú garawa. Alfalfa náà ní ewu tirẹ̀: kòkòrò olóró tó ń jẹ́ blister beetle máa ń há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e, oró rẹ̀ kì í sì í kúrò bí kòkòrò náà bá kú. Ẹ tú abala kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun. Ilé tó bá ń bínú sí àyẹ̀wò yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ooru ńkọ́? Àwọn ẹṣin kan máa ń dẹ́kun òógùn lílà níhìn-ín. Bí àwọn yòókù bá sáré tí wọ́n rẹ fún òógùn, tí ara tiyín gbẹ, tó sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹ pe dókítà ẹranko. Ilé tí kò ní fáànù lórí ibùso kọ̀ọ̀kan, a ò lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ síbẹ̀.

Ní ti àṣà: olùkọ́ láti ìta kò gbọdọ̀ wọlé wá kọ́ ọmọ yín ní ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n ní ìdí. Adójútòfò wọn lè má bo àlejò, owó ẹ̀kọ́ ló sì ń gbé wọn ró, torí owó ìtọ́jú nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ lérè. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn tí ẹṣin ti dé.

Owó alárinà ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù. Olùkọ́ tó bá yín wá ẹṣin sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn 15. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bí ẹ bá ti jọ sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ olè ni kí ó sọ fún yín pé $25,000 ni wọ́n ń tà á, kí ó sì kó $20,000 fún ẹni tó ni ín. Kentucky ti ṣòfin pé alárinà tó bá gba ohun tó ju $500 lọ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹni tó rán an gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹni tó ni ẹṣin gan-an ni kó fọwọ́ sí ìwé títà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni kí owó bọ́ sí. Dókítà tí kì í tọ́jú ẹṣin fún ẹni tó ń tà á ni kí ẹ lò láti yẹ ẹṣin náà wò kí ẹ tó rà á, kí ó sì gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fún un lóògùn tó ń pa ìrora.

Owó ìdíje: ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó ọkọ̀ àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì olùkọ́. Bí ọmọ márùn-ún bá lọ, ó fúyẹ́. Bí tiyín nìkan bá lọ, gbogbo rẹ̀ lè wá sọ́rùn yín.

Bí ìjà bá dé, ẹ má tìtorí ìbínú dá owó oṣù dúró. Òfin Texas fún olùtọ́jú lẹ́tọ̀ọ́ láti di ẹṣin mú nítorí owó ìtọ́jú tí wọn ò bá san. Ẹ san án, kí ẹ kọ ẹ̀dùn ọkàn yín sílẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ pé ẹ̀ ń lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló wọ́pọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ gba ìwé Coggins (èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn àkóràn kan tó ń mú ẹṣin) àti àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ilé tuntun máa bi yín. Kò yẹ kó jẹ́ inú dúrọ́ọ̀ olùkọ́ ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀.