Olómítà àbí ti orí fóònù: ohun tí òfin táksí ṣe fún èmi tí mo jókòó sẹ́yìn

Mi ò ní mọ́tò, mi ò sì mọ̀ ọ́n wà, táksí ni ẹsẹ̀ mi. Mo ń wọ olómítà, ìyẹn èyí tó ní ọ̀dà tiẹ̀ àti láísẹ́ńsì ìjọba, mo tún ń wọ èyí tí a ń fi fóònù pè, ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí tí mo ti ń pààrọ̀ méjèèjì, àgbéyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe yìí kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan o, iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ̀lú òfin tí ìjọba gbé kà á lórí, torí gbogbo òfin yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń parí sí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí mítà, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka iye owó tí èrò máa san, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Bruhn ló ṣe é lọ́dún 1891, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ owó kúrò ní ohun tí èrò àti onímọ́tò á máa fi ẹnu jà lé lórí. Èyí tí mo máa ń wọ̀, tí ẹ bá tẹjú mọ́ mítà ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi òjé kékeré dì pa, síìlì nìyẹn, tó bá ti já, ẹnì kan ti tọwọ́ bọ mítà nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọ ọ̀kan, a dúró níbi iná pupa, ọkọ̀ ò mira, nọ́ńbà ń sáré bíi pé à ń fò lọ lórí títì, mo wo abẹ́ mítà, wáyà ti já, ó ń rọ̀ dirodiro. Mi ò bá dírẹ́bà fa ọ̀rọ̀ kankan o, òru ni, èmi nìkan ni. Mo rọra ya fọ́tò káàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga ẹ̀, èyí tó ní àwòrán ẹ̀ àti nọ́ńbà láísẹ́ńsì ẹ̀, mo sanwó, mo sọ̀ kalẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́ mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń fún wọn ní láísẹ́ńsì. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ wọ́n dá owó tó lé padà fún mi, wọ́n sì pe ọkọ̀ yẹn wá fún àyẹ̀wò. Káàdì pélébé yẹn ló ṣe gbogbo ẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn?

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú olómítà ni pé ìgbà tí ẹ bá nílò ẹ̀ gan-an lẹ ò ní rí i. Òjò dé báyìí, wọ́n pòórá. Òfin ló fà á níbi púpọ̀, òfin tó ní ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju iye kan lọ. Ẹ wo New York, ọdún 1937 ni wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tó bá máa gbé èrò lójú títì gbọ́dọ̀ ní páànù kékeré kan tí wọ́n ń kàn mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, medallion ni wọ́n ń pè é, fún ọ̀pọ̀ ọdún 11,787 péré ló wà. Ìlú ń gbòòrò, páànù ò pọ̀ sí i. Ló bá di ohun tí àwọn olówó ń rà pamọ́ bí ẹni ń ra ilẹ̀, nígbà tó fi máa di 2014, ẹyọ kan ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là! Dírẹ́bà tó bá sì háyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó ọlọ́kọ̀ pa kó tó rí tiẹ̀, ibi tí èrò ti ń ya bí omi ló máa kó sí, Manhattan tó jẹ́ àárín ìlú àti pápákọ̀ òfuurufú, ẹni tó ń gbé àdúgbò bíi Bronx á máa na ọwọ́ títí apá á fi ro ó. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú táksí aláwọ̀ ewé jáde fún àwọn àdúgbò tí aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn àwọn tó ní páànù yẹn, kì í yà sí. Mi ò lè gbè sẹ́yìn irú òfin yẹn láé. Dublin, olú-ìlú Ireland, fòpin sí tiwọn lọ́dún 2000, láàárín ọdún díẹ̀ ọkọ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn dírẹ́bà tó ti fi owó ńlá ra láísẹ́ńsì ló jìyà ẹ̀, ó sì dùn mí fún wọn, àmọ́ èrò rí ọkọ̀ wọ̀.

Àwọn kan á wá ní kí ìjọba kúkú kó gbogbo òfin kúrò. Rárá o. Sweden gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 1990, wọ́n ṣí iye ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n tún ṣí owó ọkọ̀ sílẹ̀, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í bu iye tó wù ú, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú rélùwéè ò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́ bó o láwọ̀. Ohun tó ń gba èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀ ni bébà tí òfin ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ń sọ iye tí ìrìn kìlómítà 10 tó gba ìṣẹ́jú 15 máa jẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ máa kà á kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Irú òfin tí mo fẹ́ nìyẹn, èyí tí ojú mi tó, kí n tó wọlé.

Ti orí fóònù náà, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, òun ló kọ́ wa pé èèyàn lè mọ iye tó máa san kó tó kúrò nílé, pẹ̀lú orúkọ dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀, àbúrò mi lè máa wo ibi tí mo dé lórí fóònù tiẹ̀. Ó dáa gan-an. Àmọ́ alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, owó tí mo máa ń san ti di ìlọ́po mẹ́ta, mo gbà bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà pè mí, “ibo lẹ̀ ń lọ?”, mo sọ fún un, ó ní òun ń bọ̀, ó sì kánsùlù. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní London, táksí dúdú, ìyẹn olómítà tiwọn, tó bá tan iná orí ẹ̀ tó sì dúró fún yín, kò gbọ́dọ̀ kọ̀ yín láìnídìí tí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ nínú ìlú ò bá ju máìlì 12, òfin ni. Ta ló ń mú àwọn tó ń kánsùlù?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni ti màmá mi. Àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò. Mo pe ọkọ̀ lórí fóònù ká lè lọ rí dókítà, ọkọ̀ dé, dírẹ́bà wo àga, kò tiẹ̀ yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá, “ẹ má bínú mà, kò lè wọ búùtù mi”, ó lọ. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń tún ìborùn wọn ṣe. Olómítà ló gbé wa lọ́jọ́ náà, ó fa pátákó kan jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ti àga gun orí ẹ̀ wọlé pẹ̀lú màmá lórí ẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é nílẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Kì í ṣe torí pé èèyàn dáadáa ni nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn dáadáa ni, láísẹ́ńsì ẹ̀ ló ní kí pátákó yẹn wà níbẹ̀. Láti 2000 ni London ti ní gbogbo táksí dúdú gbọ́dọ̀ lè gbé àga oníkẹ̀kẹ́. Kò sí áàpù tó máa dédé ṣe ìyẹn fún èrò, torí àwọn tó nílò ẹ̀ ò pọ̀ tó láti mówó wálé.

Torí náà olómítà gba ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi, èyí tó kù un kù, àìrí i ló fà á. Ti orí fóònù gba mẹ́ta, màá fi ọ̀kan kún un lọ́jọ́ tí ìjọba bá fi òté lé ìlọ́po tí wọ́n lè sọ owó dà nígbà òjò. Ní báyìí, tó bá jẹ́ èmi nìkan, fóònù ni mo ń lò. Tí màmá bá máa jáde, olómítà ni, mo sì ti máa ń pè é láti alẹ́ tó ṣáájú.