Ìbáwí tàbí àánú: ọ̀nà méjì láti kọ ìwòsàn ẹni tí oúnjẹ ń bá jà

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan nínú ìtàn àròsọ, ilé wọn kò jìnnà sí Àkábá Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ti ń febi pa ara rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun padà ni, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ó jẹ àkàrà títí inú fi ń dùn ún.

Ọ̀nà kìíní: ó dúró níwájú dígí, ó bú ara rẹ̀, ó búra pé òun kò ní fẹnu kan nǹkan lọ́la. Òǹkọ̀wé máa ń pe èyí ní akíkanjú. Àṣìṣe ńlá ni. Ìtìjú ló ń bí ìfebipara, ìfebipara ló tún ń bí àjẹjù. Àìsàn náà gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà kejì: ó ní, “Bó bá jẹ́ àbúrò mi ló ṣe é, ṣé mo máa bú u ni?” Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná. Ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé e mì. Èyí ni mo fara mọ́.

Ẹ má kọ ìwọ̀n ara tàbí iye kálórì o: òǹkàwé tó ń ṣàìsàn lè máa fi díje. Ẹ má sì jẹ́ kí àwo kan ṣoṣo wò ó sàn. Oúnjẹ 3 àti ìpápánu 2 tàbí 3 lójúmọ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú dókítà nítòsí, torí pé ẹni tébi ti pa pẹ́, bó bá ṣàdédé jẹ púpọ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀.